Owú Tí Apá Mi Ká

Ọkọ́ mẹ́tàlá ló wà nínú ahéré mi lójú ọ̀nà Ìdòfìàn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin péré nínú wọn ló ṣì lẹ́nu. Àwọn yòókù ti jẹ títí dé ọrùn, ẹnu wọn sì ti ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Mo kó wọn sínú àpò, mo gbé wọn lọ sí Ìlọrin. Alágbẹ̀dẹ tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, nítorí àwọn àgbẹ̀ mìíràn ti kó tiwọn wá ṣáájú mi. Ẹni tó bá ń ṣoko mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ilẹ̀ ti rọ̀, àwọn lébìrà ti dé, owó òòjọ́ wọn ń gorí ara wọn, ọkọ́ sì wà nílùú. Ọjọ́ tí mo lọ gba àwọn ọkọ́ náà ni mo pinnu pé n ó dá àgbẹ̀dẹ kékeré sílẹ̀ lóko. N ó máa rọ èyí tí agbára mi bá gbé, n ó sì máa kó èyí tó bá jù mí lọ fún ọ̀gá.

Èédú kì í wọ́n wa lágbègbè yìí, ti àyìn pàápàá, tó máa ń jó pẹ́ tó sì máa ń gbóná ju ti ọ̀pọ̀ igi mìíràn lọ. Ẹwìrì tí a fi ń fẹ́ iná, mo fi ríìmù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ àti fáànù irin ṣe é bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìgboro, ọmọdé lè jókòó kó máa yí i. Mo ra ẹ̀mú méjì àti ọmọ owú kan, òòlù alágbẹ̀dẹ. Owú fúnra rẹ̀, irin tí a ń gbé irin gbígbóná lé láti lù ú, ló kù. Owú náà ló gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi, òun náà sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí, pẹ̀lú iye tí mo ná, ibi tí mo ti ṣìnà, àti ohun tí mo wá rí.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà ni àwòrán. Owú tó wà lójú mi ni irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò, tó ní ìwo níwájú, tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, tí ìbàdí rẹ̀ fún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀. Mo gbà pé bí irin kan kò bá rí báyẹn, kì í ṣe owú. Tuntun rẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé kọjá agbára mi pátápátá, nítorí náà mo ń wá tòkunbọ̀. Mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù irinṣẹ́ ní Ìlọrin. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ó dán, ó sì ní ìwo. Kílò 25 ni. Ó pè é ní ₦110,000, a jọ nájà títí a fi fẹnu kò sí ₦85,000. Mo gbé e lọ sóko bí ẹni gbé ìyàwó.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo kọ́kọ́ fura. Mò ń tẹ́ ẹnu ọkọ́ kan, ọwọ́ mi yẹ̀, ọmọ owú sì kan ojú owú níbi tí kò sí irin gbígbóná kankan. Nígbà tí mo wo ibẹ̀, ojú ọgbẹ́ kan ti wà níbẹ̀ bí èékánná oṣù, ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná mi wọ inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ náà kò dùn mọ́ mi. Owú gidi máa ń dáhùn ni, èyí ń dún gbì gbì bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ lu àpò gààrí. Lọ́sẹ̀ kẹta, igun rẹ̀ kan ya dànù. Inú ibi tó ya ní àwọ̀ eérú, ó sì ṣe hóró hóró bí iyọ̀ tí ọ̀rinrin ti mú.

Irin kásìtì ni. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n dáadáa, irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì. Wọ́n máa ń yọ́ ọ ni, wọ́n á dà á sínú àpẹrẹ, kò sì sí ẹni tó lu ú rí kó tó di ohun tó dà. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ máa ń ju ìdá 2 nínú 100 lọ, nígbà tí ti irin sípíríǹgì ọkọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá kì í ju nǹkan bí ìdá 0.6 lọ. Nínú kásìtì eléérú yìí, kábọ́ọ̀nù tó pọ̀ náà máa ń pín sáàárín irin bí ìpẹ́pẹ́ tín-tìn-tín, ibẹ̀ ni yóò ti máa ya bí wọ́n bá lù ú. Kásìtì lè gbé ẹrù tó wúwo láìmira, ṣùgbọ́n kò lè gba ìlù. Mo gbé e padà fún ẹni tó tà á fún mi. Ó ní lílù tí mo lù ú ló bà á jẹ́. Kí ni èèyàn tún ń fi owú ṣe? Mo gbé e padà sílé, ₦85,000 sì lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ ohun kan náà fún mi: wá irin rélùwéè. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Irin tí ọkọ̀ ojú irin ń gùn kọjá lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lè jẹ́ irin rírọ̀, orí rẹ̀ nípọn, kì í sì í tètè ya. Àwọn tó ń rọ irin nílé káàkiri ayé ló ń lò ó. Àwa náà kò jìnnà sí i, ojú irin tó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá ti dé Jẹ́bà láti ọdún 1909.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irin kọ́ńdẹ́mù jọ sí, mo sì sọ ohun tí mò ń wá. Ọmọkùnrin kan mú mi lọ sẹ́yìn ọgbà, ó ká tapólì kúrò, ó fi irin rélùwéè kan hàn mí, gígùn rẹ̀ kò ju apá mi lọ. ₦25,000 péré. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ara rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti pupa bí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti gé e ń dán bí ṣíbí tuntun. Ó hàn gbangba pé wọn ò tíì pẹ́ gé e. Mo béèrè ibi tó ti wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ béèrè, ẹ ṣáà gbé e."

Mo fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan tó bá ka èyí yóò sọ pé mo ya òmùgọ̀, pé bí èmi ò bá rà á, ẹlòmíì yóò rà á. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń wọ ọkọ̀ tó ń gba orí irin yẹn. Ọkọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti gé irin níwájú. Bí mo bá rọ ọkọ́ lórí irú irin bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa wá sí mi lọ́kàn. Àwọn agbófinró náà kì í fi ọ̀rọ̀ irin rélùwéè ṣeré, ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, ì báà ṣe òun ló gé e, ì báà ṣe pé ó rà á ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta irin rélùwéè fún yín láìsí ìwé tó fi hàn pé wọ́n tà á fún un, ẹ má gbà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Bí mo ṣe wà nìyẹn títí di oṣù Kẹjọ, tí mò ń rọ nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ lórí òkúta.

Ìsọmọlórúkọ ló gbé mi dé Òrò. A ti jẹun tán, mo jáde síta láti lọ na ẹsẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn àwọn ilé àtijọ́: kin-in, kin-in, kin, kin-in. Ẹni tó bá ti ń wá owú láti oṣù Kẹta yóò dá ohùn yẹn mọ̀ bí ìyá ṣe ń dá ẹkún ọmọ rẹ̀ mọ̀. Mo tẹ̀ lé e títí mo fi dé àgbẹ̀dẹ kan tí wọ́n fi páànù bo orí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, tẹ̀sùbáà rẹ̀ kọ́ lára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Àrọ yè o, Bàbá!"

"Ògún á gbè ọ́," ó dáhùn láìgbójú sókè. Bí wọ́n ti ń dáhùn láyé bàbá rẹ̀ náà ló ṣe dáhùn. "Kí lo gbé wá rọ, ọmọ mi?"

Mo sọ fún un pé owú ni mò ń wá. Mo fi àwòrán èyí tó ní ìwo hàn án lórí fóònù. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìwo yìí ńkọ́, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" Mo ní wọ́n ń fi í tẹ irin kó lè ká. Ó na ọwọ́ sí ègé páìpù irin kan tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ìyẹn lòun fi ń tẹ tòun. Lẹ́yìn náà ló fi owú rẹ̀ hàn mí.

Ká ní wọn ò fi hàn mí ni, mi ò bá má mọ̀ pé owú ni. Irin kan ló dúró ṣánṣán nínú ìtì igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ tó yọ síta kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, lílù ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹ ẹ́ títí ó fi yí róbótó bí gìgísẹ̀, ó sì ń dán. Mo ní, "Bàbá, ṣé èyí nìkan ni?" Ó ní orí rẹ̀ nìkan ni mò ń wò, pé ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó wọ inú ìtì lọ, ó wọ inú ilẹ̀.

Ó wá ṣe ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó di ọmọ owú mú wẹ́rẹ́ níbi ìdí rẹ̀, ó jẹ́ kó já sórí owú fúnra rẹ̀. Ọmọ owú náà ta padà sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó ti já. Ó tún jẹ́ kó já sórí awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tó wà nílẹ̀, irin tó fẹ̀ tó àtẹ. Ó kú síbẹ̀. Ó ní:

"Ibi tí ọmọ owú ń lọ ni kí irin wà. Èyí tó tẹ́ sílẹ̀ yìí wúwo ju owú mi lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ló kó ìwúwo rẹ̀ lọ. Owú kì í sùn, ó máa ń dúró ni."

Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun alaasari. Ó sọ fún mi pé lórí òkúta ni bàbá bàbá òun ti rọ irin, ó sì mú mi lọ sẹ́yìnkùlé wò ìdàrọ́ dúdú tó kù láti ìgbà tí wọ́n ń yọ́ irin láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, kí irin òyìnbó tó pọ̀ lọ́jà tí iṣẹ́ yíyọ́ irin sì parẹ́. Mo mú ègé kan dání wálé. Ó wúwo, ó ní ihò wuuru bí búrẹ́dì tó wú, ó sì ń dán níbi tó ti ya. Ọ̀rọ̀ òkúta yẹn mú mi rántí ohun tí wọ́n ń sọ nípa orúkọ Ìlọrin, pé òkúta tí Òjó, ẹni tí wọ́n ní ó tẹ ìlú náà dó, ti ń pọ́n irin rẹ̀ ni, ìlọ irin, òkúta náà sì wà ní Ìdí-Àpẹ́ títí dòní. Ìlú tó gba orúkọ lára pípọ́n irin, èmi sì ń wá owú olówó gọbọi nínú rẹ̀ bí ẹni pé òkè òkun nìkan ni iṣẹ́ irin ti wá.

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ, mo sì fẹ́ kí ó yé ẹni tó bá ń wá owú. Irin tó jẹ́ sẹ̀ntímítà kan ní gígùn, kan ní ìbú àti kan ní gíga máa ń wọn gíráàmù 7.85. Pẹ̀lú iye yìí, ẹ lè mọ ìwúwo irin tó dọ́gba bí ẹ bá ní tépù, láìgbé e sórí òṣùwọ̀n. Irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ 30 sí 30, tó sì nípọn tó sẹ̀ntímítà 1, yóò wọn kílò 7. Bí ẹ bá fi lélẹ̀ tí ẹ lù ú, sẹ̀ntímítà kan péré ló wà lábẹ́ òòlù yín, ìyókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣiṣẹ́ kankan. Yóò máa mì ni, yóò máa jẹ agbára apá yín. Irin tó jẹ́ 10 sí 10 tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30 yóò wọn nǹkan bí kílò 23 àbọ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, sẹ̀ntímítà 10 ló wà lábẹ́ òòlù. Ẹ gbé e dúró, ó di 30. Irin kan náà ni, owó kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tó dúró yóò lu irin yín tẹ́ kíákíá. Bó ṣe rí fún irin rélùwéè tí ẹ bá ní ìwé rẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó lè jọ owú òyìnbó. Ká gbé e dúró ló dára jù.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú mi ti yí padà. Nígbà tí mo tún padà sáàárín kọ́ńdẹ́mù, mi ò wá ohun tó fẹ̀ mọ́. Irin gígùn tó nípọn, tó lè dúró, ni mò ń wá. Mo rí kirańkì ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó ní ìgbúnwọ́ púpọ̀ jù, kò sì sí ibi kan lára rẹ̀ tó tẹ́. Mo rí orí òòlù ńlá àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ìyẹn dára gan-an, mo sì ń sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kankan pé kó rì í sínú ìtì igi, kó kọ ojú rẹ̀ sókè, yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀bẹ àti dòjé. Ọkọ́ ló kéré fún.

Ibi tí mo ti rí tèmi ni ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó ń tún típà ṣe. Áfù-ṣáfù kan ló wà nílẹ̀ nínú ọ́ìlì, irin tó ń gbé agbára láti àárín àkísù lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ó ti já. Èyí tó bá ti já kò wúlò fún ọkọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi máa ń kéré. Ọ̀pá irin ni, ó nípọn tó sẹ̀ntímítà 5, ó ku 58 ní gígùn, orí rẹ̀ kan sì fẹ̀ bí àwo, sẹ̀ntímítà 20 láti etí dé etí, pẹ̀lú ihò bóòtù yí i ká. Mo gbé e dúró pẹ̀lú àwo rẹ̀ lókè, àyà mi sì là. Owú Bàbá ni mò ń wò, tó wọ fìlà.

Mo ti gbé bọ́ọ̀lù inú bíárìn kan sínú àpò mi láti ọjọ́ tí mo kúrò ní Òrò. Èyí kì í tanni jẹ. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù náà sókè tó sẹ̀ntímítà 30 lórí irin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó já, kí ẹ sì wo ibi tó ta dé. Irin tó le tó sì dúró dáadáa yóò dá a padà sókè, irin rírọ̀ yóò gbé agbára rẹ̀ mì. Lórí kásìtì tí mo fi ₦85,000 rà, kò kọjá 8. Lórí owú Bàbá, ó dé 22, orí rẹ̀ tó yí ló sì ń jẹ́ kó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí áfù-ṣáfù yìí, níbi àárín gan-an tí ọ̀pá wà lábẹ́, ó dé 19. Mo sún un lọ sí etí àwo náà, ó já wálẹ̀ sí 11. Àwọn ọmọṣẹ́ wọn ti pé jọ yí mi ká, ọ̀kan nínú wọn gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ mi, ó ń dán an wò lórí gbogbo irin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ pè é ní ₦28,000 nígbà tó rí i pé mò ń yọ̀. Mi ò mọ̀ bí èèyàn ṣe ń fi ayọ̀ pamọ́. A bá ara wa sọ̀rọ̀, ó fi í fún mi ní ₦16,000. Lórí òṣùwọ̀n, kílò 14 ni. Ẹ rántí pé kásìtì yẹn jẹ́ 25.

Ìtì àyìn ni mo yàn láti rì í sí, nítorí kò sí igi tó le tó o láyìíká wa, ikán pàápàá kì í tètè rí i jẹ. Káfíńtà kan gé e ní sẹ̀ntímítà 45. Èrò wa ni pé ká lu ihò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àyìn ṣẹ́ ìlu méjì mọ́ wa lọ́wọ́, a kò tíì dé 15. Bí káfíńtà ṣe jókòó nìyẹn, tó ń wo igi náà, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká là á sí méjì." Ó fi wẹ́ẹ̀jì là á gbọọrọgbọ, ó gbẹ́ kòtò sí àárín ìlàjì méjèèjì, a tẹ́ ọ̀pá irin náà sínú rẹ̀ bí ọmọ, a pa ìlàjì méjèèjì dé, wẹ́dà sì fi ọ̀já irin méjì dì í lókè àti nísàlẹ̀. Ọgbọ́n káfíńtà yìí dára ju ihò lílu lọ, nítorí nígbà tí igi náà gbẹ lọ́yẹ́ tó sì sún kì, wẹ́ẹ̀jì kékeré méjì lábẹ́ ọ̀já ni mo fi mú un le padà.

Ìdí ọ̀pá náà yọ nísàlẹ̀ ìtì ní ìwọ̀n sẹ̀ntímítà mélòó kan, mo sì gbé e lé òkúta pẹlẹbẹ kan tí mo rì mọ́lẹ̀, kí ìlù lè máa lọ tààrà sínú ilẹ̀. Ojú owú wá wà ní gíga tó bá ẹni tó jókòó sórí àpótí mu, bí tàwọn bàbá wa. Ẹni tó bá fẹ́ máa dúró rọ irin ní láti gbé tirẹ̀ ga dé ibi tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ dé nígbà tó bá na apá sísàlẹ̀. Èmi ò lè dúró lójú iná látàárọ̀.

Ojú àwo náà nílò fífá. Wẹ́dà fẹ́ fi ẹ̀rọ fá a lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní kó máa dá dúró, kó máa da omi sí i, torí pé bí irin bá ti yí sí àwọ̀ búlúù lábẹ́ ẹ̀rọ, líle rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Ohun kan wà tí a kò kà sí: ihò tín-ín-rín kan ní àárín gbùngbùn àwo náà, níbi tí ẹ̀rọ ti dì í mú nígbà tí wọ́n ń ṣe é ní ilé iṣẹ́. Ọkọ́ àkọ́kọ́ tí mo rọ jáde pẹ̀lú ìléròrò kan láàárín ẹnu rẹ̀. Mo tún un lù, ó tún yọ. Ìgbà kẹta ni mo tó yí owú wò. Wẹ́dà fi iná dí ihò náà, ó fá a dọ́gba, ọ̀rọ̀ parí.

Irin náà ₦16,000, ìtì àti iṣẹ́ káfíńtà ₦7,500, ọ̀já irin àti iṣẹ́ wẹ́dà ₦6,000, ọkọ̀ tó gbé wọn dé oko ₦2,500. ₦32,000 ni gbogbo rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi ṣáájú.

Ohun tó yí padà lóko hàn lójú ẹsẹ̀. Lórí òkúta, bí mo bá rọ ọkọ́ kan láti àárọ̀ títí dé ìrun àìlà, mo ti ṣe gudugudu méje. Lórí owú yìí, mo ti rọ márùn-ún láàárín àkókò kan náà, apá kò sì ro mí. Irin kì í ní láti padà sínú iná lọ́pọ̀ ìgbà mọ́, èédú dínkù. Ihò bóòtù tó yí àwo ká tún wá di àǹfààní tí mi ò retí: bí mo bá fẹ́ dá ihò sí irin gbígbóná láti fi ìṣó kàn án mọ́ ìtulẹ̀, mo máa gbé e sórí ihò kan, n ó fi ìdálu lù ú, èyí tó já yóò bọ́ sísàlẹ̀.

Kò ṣàìní wàhálà tirẹ̀. Ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ fi òòlù ńlá lu ẹnu ìtulẹ̀ lórí etí àwo, níbi tí kò sí ọ̀pá lábẹ́, etí náà sì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àárín ni ibi ìlù, etí wà fún títẹ irin fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan. Ohùn rẹ̀ ga gan-an, ó ń bọ́ sí àwọn ìyá tó wà lóko ẹ̀gbẹ́ wa létí. Mo lẹ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́ mọ́ abẹ́ àwo náà, ohùn náà sì rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òòlù lu ojú owú lásán láìsí irin gbígbóná láàárín. Irin líle méjì tó bá pàdé máa ń ta ẹ̀ẹ́rún, ọ̀kan wọ̀ mí lápá, ká ní ojú ni! Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó ń jókòó ti owú náà láìwọ awò. Páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò kò gbọdọ̀ wọ inú iná yín pẹ̀lú. Èéfín funfun tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń dá ibà sára èèyàn. Bí irin sípíríǹgì bá sì ti kúrò ní pupa tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ẹ dá a padà síná, ẹ má lù ú mọ́, yóò sán.

Kásìtì búlúù náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Òun ni mo gbé lé etí tapólì tí a fi ń bo àgbàdo.

Ní oṣù Kọkànlá, mo mú ọkọ́ tí mo rọ̀ dáadáa jù lọ, mo gbé e lọ sí Òrò. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi èékánná ta ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí sí i. Ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tọ ọrùn rẹ̀ lọ, ó sì dúró níbi kan. "Ọrùn rẹ̀ ṣì ki," ó ní. "Yóò wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá fi í kọ ebè títí di ìrọ̀lẹ́." Ó sún kúrò lórí àpótí rẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó sì ta ọkọ́ náà sínú iná.